Kí ló dé tí onígbàjámọ̀ mi kò fẹ́ kí n pe òun ní Túrkì?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tottenham ni mo ń gbé, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Onígbàjámọ̀ kan wà ní òpópónà wa tó ń gé irun fún àwọn ìbejì mi. Túrkì ló ti wá, èdè Túrkì ló sì ń sọ sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan mo ń fi í ṣeré, mo pè é ní "Túrkì mi", ojú rẹ̀ yí padà lójijì. Ó ní Kurd ni òun, kí n má pe òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán, ṣùgbọ́n kò yé mi. Mo sì rí i nínú ìròyìn pé àwọn jagunjagun Kurd kan da ìbọn wọn sínú iná. Kí ni ìjọba Túrkì ṣe fún wọn gan-an? Ṣé ìjà náà ti wá parí ni? (Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má mú ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ yẹn sínú. Ẹ̀yin kọ́ ló ń bá jà. Ẹ kàn ṣèèṣì tẹ ibi tó ń dùn ún ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ibẹ̀ ti ń dun àwọn èèyàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọkùnrin kan ṣe àpẹẹrẹ. Ahmet Türk ni orúkọ rẹ̀. Agbègbè Mardin, ní gúúsù ìlà-oòrùn Túrkì nítòsí ẹnubodè Síríà, ni wọ́n bí i sí ní 1942. Kurd pọ́ńbélé ni, ọmọ ilé olóyè, ó sì wà lára àwọn àgbà òṣèlú tó ti pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ Kurd. Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ ìdílé rẹ̀: Türk. Ohun tí kì í ṣe gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní 1934 ni ìjọba ṣòfin pé gbogbo ará ìlú gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìdílé, èdè Túrkì sì ni kí ó jẹ́. Níbi púpọ̀ ní ìgbèríko, akọ̀wé ìjọba ló ń jókòó tó ń pín orúkọ fún àwọn èèyàn bí ẹni ń pín nọ́ńbà. Àwa tí à ń wo ilé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ẹ ò ní í bi mí pé kí ló burú nínú ìyẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè yín àkọ́kọ́, kí ni ìjọba Túrkì ṣe fún wọn, ìdáhùn tèmi kò gùn: ó ní wọn kò sí. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sun abúlé, wọ́n kó èèyàn sẹ́wọ̀n, òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, n ó sì dé orí rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti orí ìbọn, ìdí rẹ̀ kò ní í yé e láéláé.

Àwọn Kurd tó nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù. Ilẹ̀ wọn jẹ́ òkè àti àfonífojì tó wà láàárín Túrkì, Iráàkì, Ìránì àti Síríà, Túrkì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iye báyìí ni wọ́n níbẹ̀, torí pé láti ìkànìyàn 1965 ni ìjọba kò ti tẹ iye àwọn tó ń sọ èdè kọ̀ọ̀kan jáde mọ́. Àwọn onímọ̀ ń fojú bu ú sí ìdá márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ìdá kan jẹ́ Kurd. Ìsìláàmù ni èyí tó pọ̀ nínú wọn ń ṣe, bíi ti àwọn Túrkì fúnra wọn. Ẹ rántí ìyẹn o, torí pé ó ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Nígbà tí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ fọ́ ìjọba Ottoman tó ń jọba lé Túrkì àti Kurd lórí, àwọn aláṣẹ Yúróòpù kọ ìwé àdéhùn kan ní Sèvres ní 1920, wọ́n sì fi sínú rẹ̀ pé àwọn Kurd lè ṣàkóso ara wọn, bó bá yá kí wọ́n dá dúró. Mustafa Kemal, ọ̀gágun tó wá dá orílẹ̀-èdè Túrkì òde òní sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Atatürk lẹ́yìn náà, gbógun ti àdéhùn yẹn. Ọ̀pọ̀ Kurd ló sì bá a jà, torí pé arákùnrin nínú ẹ̀sìn ló pè wọ́n. Ó ṣẹ́gun. Ìwé mìíràn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lausanne ní 1923 kò dárúkọ Kurd rárá. Àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, bíi àwọn ará Àméníà, Gíríìkì àti Júù, nìkan ni ìwé náà kà sí ẹ̀yà kékeré tó yẹ kí òfin dáàbò bò. Kurd jẹ́ Mùsùlùmí, nítorí náà wọ́n ní Túrkì ni. Ní oṣù Kẹta 1924, ìjọba tuntun pa ipò kálífà, olórí gbogbo Mùsùlùmí, rẹ́, ó sì ti àwọn ilé kéwú níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Kurd kọ́ni. Okùn méjì tó so wọ́n mọ́ra, ọjọ́ kan náà ni wọ́n gé e.

Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn ni Ṣéù Said, àlùfáà àgbà kan, dìde sí ìjọba. Wọ́n so ó kọ́ ní Diyarbakır ní ìparí oṣù Kẹfà 1925 pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìdìde mìíràn wáyé ní ẹ̀bá òkè Ararat, wọ́n tẹ ìyẹn náà rì ní 1930. Èyí tó burú jù ni ti Dersim ní 1937 sí 1938. Ìjọba ti kọ́kọ́ yí orúkọ ìlú náà padà sí Tunceli kó tó kó ogun lọ, ọkọ̀ òfuurufú sì ju bọ́ǹbù sí orí òkè àti inú ihò àpáta. Ẹni kan tó wà lára àwọn awakọ̀ náà ni Sabiha Gökçen, ọmọ tí Atatürk gbà tọ́. Bí ẹ bá ti wọ bàálù gba Istanbul kọjá rí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pápákọ̀ òfuurufú tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ẹ bà sí. Ní 2011 ni Erdoğan, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, tọrọ àforíjì lórí Dersim, ó sì ka ìwé ìjọba tó ní èèyàn 13,806 ló kú. Àwọn ará Dersim ní ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdákẹ́jẹ́ wá dé. Orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún abúlé ni wọ́n yí padà. "Túrkì orí òkè" ni wọ́n ń pe Kurd. Wọ́n tilẹ̀ gbé ìtàn kan kalẹ̀ pé ìró bàtà lórí yìnyín, kart-kurt, ni ọ̀rọ̀ náà "Kurd" ti jáde. (Mo ti rí àgbàlagbà tó kàwé tó fi ojú líle sọ èyí fún mi.) Láràárọ̀, ọmọ iléèwé á dúró lórí ìlà, á búra pé "Túrkì ni mí, olóòótọ́ ni mí, aláápọn ni mí". Láti 1933 títí di 2013 ni wọ́n fi ń ṣe é, ọmọ ọdún méje tí kò gbọ́ èdè náà rárá yóò ka á bí ayékòótọ́.

Lẹ́tà mẹ́ta wà tí Kurd ń lò tí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Túrkì: Q, W àti X. Wọ́n sọ lẹ́tà di ọ̀ràn. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ kò ní í kọ èyí tó bá ní W. Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ sọ ọmọ ní Wúràọlá, kí akọ̀wé ní kí ẹ fi V kọ ọ́ torí pé W fẹ́ fọ́ orílẹ̀-èdè. Ọdún tuntun wọn, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta, Newroz ni wọ́n ń kọ. Nevruz ni ìjọba ń kọ. Wọ́n ti pe olóṣèlú lẹ́jọ́ rí torí W yẹn nínú ìwé ìkíni. Ìwé ìrìnnà tiwa náà máa ń gé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ wa dànù, ó sì máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni dé kóòtù torí pé ó fi àmì sí i. Ní 2013 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé àwọn gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí lẹ́tà mẹ́ta yẹn.

Àwọn ológun fipá gbàjọba ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 1980. Ẹ̀wọ̀n Diyarbakır, ẹ̀ka Karùn-ún, di ibi tí àwọn èèyàn ń kú sí lọ́wọ́ ìyà. Èdè Túrkì nìkan ni wọ́n fàyè gbà nígbà àbẹ̀wò. Ìyá tó ti abúlé wá, tí kò gbọ́ ju èdè Kurd lọ, á dúró níwájú ọmọ rẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn títí aago á fi lù. Ní 1983 wọ́n wá fi òfin 2932 tì í lẹ́yìn, tó ka èdè wọn léèwọ̀ láì tilẹ̀ dárúkọ èdè náà. Nígbà tí àwọn èwe kan bọ́ nínú ẹ̀wọ̀n yẹn, orí òkè ni wọ́n gbà lọ.

Ta ló ń dúró dè wọ́n lórí òkè? PKK ni, ẹgbẹ́ tí Abdullah Öcalan àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ dá sílẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1978 ní abúlé Fis, lẹ́bàá ìlú Lice. Ọ̀rọ̀ Marx àti Lenin ló kún ẹnu wọn, orílẹ̀-èdè Kurd tó dá dúró ni wọ́n sì ń wá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1984 wọ́n kọlu Eruh àti Şemdinli, ogun bẹ̀rẹ̀. Ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: èdè Túrkì ni Öcalan fi ń sọ̀rọ̀, òun ló sì fi ń kọ̀wé. Iṣẹ́ iléèwé ìjọba ṣe dáadáa lára rẹ̀.

N kò ní í fi ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ PKK pamọ́ fún yín. Wọ́n pa olùkọ́ iléèwé torí pé ìjọba ló rán wọn wá. Ní oṣù Kẹfà 1987 wọ́n wọ abúlé Pınarcık, wọ́n pa èèyàn 30, ọmọdé àti obìnrin ló pọ̀ nínú wọn, Kurd sì ni wọ́n. Wọ́n pa ọmọ ẹgbẹ́ tiwọn náà tó bá yapa. Túrkì, Amẹ́ríkà àti Àjọ Yúróòpù kà wọ́n sí agbésùnmọ̀mí. Bìrìtìkó fòfin dè wọ́n ní 2001. Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ tó gbé àsíá wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè bá ara rẹ̀ ní kóòtù.

Ìjọba ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ará abúlé ní ìbọn àti owó oṣù ní 1985 kí wọ́n máa ṣọ́ abúlé lọ́wọ́ PKK. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí: bí o bá gba ìbọn, PKK á wá bá ọ lóru, bí o bá kọ̀ ọ́, sójà á wá bá ọ lọ́sàn-án. Àwọn tó kọ̀ ni wọ́n lé jù. Láti 1987 di 2002 ni òfin pàjáwìrì fi wà ní agbègbè yẹn. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Túrkì fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1998 pé abúlé àti abà tí wọ́n tú lé ní 3,000, àwọn tó sì di aláìnílé lé ní 378,000. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní iye náà pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Sójà á dé láàárọ̀, á ní kí ẹ kó ohun tí ẹ lè kó, kí ọ̀sán tó pọ́n iná ti wà lórí òrùlé, màlúù àti ewúrẹ́ sì ń sá kiri. Bí Diyarbakır, Adana àti Mersin ṣe kún nìyẹn. Istanbul ni wọ́n ń sọ lónìí pé Kurd pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ayé.

Àwọn mìíràn kàn pòórá ni. Wọ́n á wá mú ọkùnrin nílé, a ò ní í rí òkú rẹ̀. Láti ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1995 ni àwọn ìyá kan ti ń jókòó ní gbàgede Galatasaray ní Istanbul ní ọ̀sán Sátidé, àwòrán ọmọ lọ́wọ́ kan, òdòdó pupa lọ́wọ́ kejì, àfi láti 1999 di 2009 tí wúrúkú ọlọ́pàá mú kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ìyá Sátidé ni wọ́n ń pè wọ́n. Ní 2018, ọ̀sẹ̀ tó pé 700 tí wọ́n ti ń jókòó, ọlọ́pàá tú wọn ká. Nínú gbogbo ogun yìí, láti 1984, èèyàn bí 40,000 ló ti kú.

Ẹ lè sọ pé kí ló dé tí wọn kò gba ọ̀nà ìbò. Wọ́n gbà á. Leyla Zana wọ ilé aṣòfin ní oṣù Kọkànlá 1991, ó fi gèlè tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ Kurd mẹ́ta, pupa, yẹ́lò àti ewé, di irun, ó búra ní èdè Túrkì bí òfin ṣe wí, ó wá fi gbólóhùn kan lé e ní èdè Kurd pé nítorí ìrẹ́pọ̀ Túrkì àti Kurd ni òun ṣe búra. Ilé dàrú. Ní 1994 wọ́n gbé e, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú wọn, bí kóòtù bá ti ti ọ̀kan pa, wọ́n á dá òmíràn sílẹ̀ lórúkọ mìíràn. Selahattin Demirtaş kó ẹgbẹ́ HDP dé ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní oṣù Kẹfà 2015. Ní oṣù Kọkànlá 2016 wọ́n wá mú un lóru, kóòtù Yúróòpù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n kò gbọ́. Ahmet Türk tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Àwọn ará Mardin dìbò yàn án ní olórí ìlú ní 2014, ní 2019, àti ní 2024. Ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni ìjọba yọ ọ́, tó sì fi alábòójútó tirẹ̀ jókòó sí àga. Èyí tó kẹ́yìn, ẹni ọdún 82 ni.

Öcalan ńkọ́? Síríà lé e jáde ní 1998, ó ń sá láti Rọ́ṣíà dé Ítálì dé Gíríìkì, ó wá fara pamọ́ sí ilé aṣojú Gíríìkì ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1999. Wọ́n dájọ́ ikú fún un, ṣùgbọ́n Túrkì pa òfin ikú rẹ́ ní 2002 torí pé ó ń fẹ́ wọ Àjọ Yúróòpù, ìdájọ́ náà wá di ẹ̀wọ̀n gbére. Erékùṣù İmralı ló ti wà láti ìgbà náà. Níbẹ̀ ni ó ti ní òun kò wá orílẹ̀-èdè tó dá dúró mọ́, pé ẹ̀tọ́ inú Túrkì ni òun ń fẹ́.

N kò ní í sọ pé nǹkan kò yí padà. Wọ́n fagi lé òfin 2932 ní 1991. Ìjọba Erdoğan ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán elédè Kurd ní ọjọ́ kìíní ọdún 2009, wọ́n sì gbà kí ọmọ tó bá fẹ́ yan èdè náà bí iṣẹ́ àfikún ní iléèwé láti 2012. Ọ̀pọ̀ Kurd ló ń dìbò fún Erdoğan títí di òní. Mínísítà ètò ìnáwó wọn, Mehmet Şimşek, Kurd ni, ọmọ agbègbè Batman. Kurd lè di ohunkóhun ní Túrkì, bí kò bá ti fi jíjẹ́ Kurd rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ní 2013 wọ́n jókòó ìjíròrò, ìbọn dákẹ́ fún ọdún méjì, gbogbo wa rò pé ó tán. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 2015 ó tú ká. Ogun wọ àárín ìlú, Cizre, Nusaybin, àti Sur tó jẹ́ ìlú àtijọ́ inú Diyarbakır, àjọ UN sì ní èèyàn bí 2,000 ló kú láàárín oṣù Keje 2015 sí oṣù Kejìlá 2016.

Èyí tí ẹ rí nínú ìròyìn wá bẹ̀rẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò. Devlet Bahçeli, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Túrkì tó korò jù lọ sí Kurd, ló ní ní oṣù Kẹwàá 2024 pé kí Öcalan wá sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin kó tú ẹgbẹ́ rẹ̀ ká. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2025 ìwé Öcalan jáde láti İmralı: kí PKK kó ìbọn sílẹ̀. Ẹ mọ ẹni tó ka ìwé náà ní èdè Kurd fún gbogbo ayé? Ahmet Türk ni. Ní oṣù Karùn-ún PKK kéde pé àwọn ti túká. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọgbọ̀n jagunjagun, ọkùnrin àti obìnrin, sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè nítòsí Sulaymaniyah ní Iráàkì, wọ́n to ìbọn wọn sínú agbada irin ńlá kan, wọ́n dáná sí i.

Ṣé ó ti parí? Ogun ìbọn, mo rò pé ó ti ń parí, torí pé ó ti rẹ tọ̀tún tòsì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí rẹ̀ gbé ìbọn kò tíì parí. Abala 42 nínú òfin orílẹ̀-èdè Túrkì ṣì ní kò sí èdè mìíràn tí iléèwé lè fi kọ́ ọmọ gẹ́gẹ́ bí èdè abínibí àfi Túrkì. Abala 66 ṣì ní ẹni tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà, Túrkì ni. Àwa lè ní "ọmọ Nàìjíríà ni mí", ká tún ní "Yorùbá ni mí", èkíní kò pa èkejì lára. Tiwọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń pe méjèèjì. Ibi tí onígbàjámọ̀ yín ti fajú ro nìyẹn. Nígbà tí ilé aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ àlàáfíà kalẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 2025, wọ́n pe àwọn ìyá Kurd tó pàdánù ọmọ sógun wá síwájú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn kò gbà fún un. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n ní torí àlàáfíà pẹ̀lú Kurd ni wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ o.

Nígbà tí ẹ bá tún mú àwọn ìbejì lọ gé irun, ẹ má bi í bóyá Túrkì ni tàbí Kurd, ó ti dáhùn ìyẹn. Ẹ bi í pé ìlú wo ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ Kurd àríwá Lọ́ńdọ̀nù, ìhà Maraş, Malatya àti Sivas ni wọ́n ti wá, Alevi sì ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn tí ọ̀nà wọn yàtọ̀ sí ti àwọn Sunni tó pọ̀ jù ní Túrkì. Ní oṣù Kejìlá 1978 wọ́n pa Alevi tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Maraş. Bó bá dárúkọ abúlé fún yín, ẹ tún bi í pé kí ni orúkọ rẹ̀ kí ìjọba tó yí i padà. Bó bá sì di oṣù Kẹta, ẹ kí i pé "Newroz pîroz be". W ni kí ẹ fi kọ ọ́ bó bá jẹ́ pé orí fóònù ni.